Olóyè Akíndúró Ra Ilé Tòkunbọ̀

Bí Olóyè Akíndúró bá fẹ́ jókòó, gbogbo ilé á dákẹ́. Kì í ṣe ọ̀wọ̀ ló ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́, náílọ́ọ̀nù ni. Nígbà tí wọ́n yàn án ní Alága Ẹgbẹ́ Onílé-Lọ́la ti Barking, ní London, ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó ra àga ńlá kan, aláwọ̀ wúrà létí, pupa níkùn, ó sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi wé e láti ilé ìtajà. Ó ní ipò òun kò gbọdọ̀ gba eruku. Nítorí náà, bó bá ti fìdí kàn án, náílọ́ọ̀nù á máa dún bí ìgbà tí ewúrẹ́ wọ àárín ewé gbígbẹ. Òfin ẹgbẹ́ sì ni pé kò sí ẹni tó gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí náílọ́ọ̀nù yóò fi dákẹ́.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Àwọn àgbàlagbà tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, àwọn nọ́ọ̀sì tó ti iṣẹ́ òru bọ̀, àwọn ìyá tó fi ọmọ sílẹ̀ nílé, gbogbo wọn ló máa ń jókòó kalẹ̀ kí náílọ́ọ̀nù parí ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà kò le. Àjọ ni wọ́n ń dá. Àwọn Aládùúrà àti àwọn Mùsùlùmí ló jùmọ̀ dá a sílẹ̀ nígbà tí wọ́n rí i pé báńkì kò fẹ́ mọ orúkọ wọn. Lóṣooṣù, ẹni tó bá kàn á kó àjọ, á sì fi ṣe owó àsansílẹ̀ ilé. Iṣẹ́ Alága kò ju kí ó pe orúkọ ẹni tó kàn lọ. Aago ara ògiri lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ gbé aago lé ènìyàn kan lọ́wọ́, kí ẹ wò ó bí kò bá ní í sọ pé òun lòun dá àkókò.

Lóṣù tí à ń wí yìí, Karimot ló kàn. Karimot, tí gbogbo ẹgbẹ́ ń pè ní Ìyá Jannah, ti pẹ́ ní Gascoigne Estate kí wọ́n tó wó ilé tó ń gbé. Wọ́n kó òun àti ọmọ rẹ̀ méjèèjì sí yàrá kan ṣoṣo, níbi tí Abdullah ti ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé lórí bẹ́ẹ̀dì, tí Jannah sì ń ti ìlẹ̀kùn ibi ìwẹ̀ kó lè rí ibi kàwé. Wọ́n ti wá kọ́ ilé tuntun sórí ilẹ̀ kan náà, Karimot sì ti rí fúláàtì kan níbẹ̀, irú èyí tí èèyàn lè ra ìpín kan nínú rẹ̀ kó máa san rẹ́ǹtì lórí ìyókù. Àwọn tó ń tà á bá a fi pamọ́ títí ìgbà ooru yóò fi parí. Bí owó àsansílẹ̀ kò bá dé nígbà náà, ẹlòmíràn ni yóò gbà á. Àjọ kan péré ló ń dúró dè. Ẹni tó sì kàn tẹ̀ lé e, lóṣù kejì, ni Alága fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìpàdé, wọ́n pé sí gbọ̀ngàn tí wọ́n máa ń yá ní Longbridge. Náílọ́ọ̀nù dún, ó dákẹ́. Morákinyọ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́, dìde láti ṣe iṣẹ́ tó mọ̀ jù, ìyẹn ni kíkí Alága.

"Alága Àgbà! Ògo Barking! Ìràwọ̀ Dagenham! Ọkùnrin tó wúkọ́ tí ọkọ̀ ojú irin dúró!"

"Ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró ní Barking kí wọ́n tó bí i," ni Alhaja Nùsírátù, akápò ẹgbẹ́, sọ sétí ẹni tó jókòó tì í.

Akíndúró gbé ọwọ́ sókè. Iṣẹ́ tí wọ́n ń torí rẹ̀ sanwó fún un ni pé kí ó máa ṣètò ta ló ń bọ̀ níṣẹ́ lọ́la ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Dagenham Dock, ṣùgbọ́n bó bá gbé ọwọ́ yẹn, ẹ ó rò pé òkun pupa ló fẹ́ là.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti ronú. Mo ronú débi pé orí mi gbóná, ìyàwó mi ní kí n bọ́ fìlà. Kí ló dé tí a fi ń ra ilé ní Barking nìkan? Ṣé Barking nìkan ni Ọlọ́run dá? Mo ti rí ilé kan. Ní Japan."

"Japan tó wà níbo?" Alhaja béèrè.

"Japan ti Toyota."

Ó na fóònù rẹ̀ sókè. Fúláàtì kan ni, nínú ilé alájà mẹ́wàá tó ti pẹ́, ní ìlú kékeré kan létí òkun. Owó rẹ̀ kò tó ti mọ́tò àlòkù.

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè," Akíndúró ní. "Mọ́tò wo ni bàbá yín wà? Tòkunbọ̀ Japan. Firíìjì tó wà nílé ìyá yín, tó dàgbà ju àbíkẹ́yìn wọn lọ, níbo ló ti wá? Japan. Ohun àlòkù Japan wo ló já yín kulẹ̀ rí? Bí mọ́tò wọn bá lè jẹ ọgbọ̀n ọdún lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú, pẹ̀lú gbogbo kòtò tó wà níbẹ̀, kí ni yóò wá ṣe ilé wọn tó dúró sójú kan?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má dá wọn lẹ́bi jù. Kò sí ọmọ Yorùbá tó jókòó síwájú mọ́tò tòkunbọ̀ rí tí ọ̀rọ̀ yẹn kò ní í dùn mọ́ nínú.

Karimot dìde. "Alága, ẹ jọ̀ọ́ sà. Èmi ni mo kàn."

"Ìyá Jannah, ìwọ kọ́ lo kàn mọ́. Ọjọ́ ọ̀la ẹgbẹ́ ló kàn. Bí rẹ́ǹtì Japan bá bẹ̀rẹ̀ sí wọlé, ilé méjì la ó rà fún ọ. Ọ̀kan láti gbé, ọ̀kan láti máa wò."

"Sà, ẹyọ kan tó wà ní Gascoigne yẹn tó mi. Wọn ò ní dúró dè mí kọjá ìgbà ooru."

"Wàá lọ sẹ́yìn ìlà díẹ̀. Sùúrù ni baba ìwà."

Ẹ kíyè sí i: ẹni tó ní yàrá mẹ́rin ló máa ń mọ òwe sùúrù jù.

"Olóyè," Alhaja ní, "ẹ̀yin lẹ tẹ̀ lé Ìyá Jannah. Ṣé ẹ̀yin náà ó lọ sẹ́yìn ìlà?"

"Ti Alága kì í yẹ̀," Akíndúró dáhùn. "Bí ti Alága bá yẹ̀, ẹgbẹ́ á dojú dé."

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a ra ilé láìyẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n pe Wúrà, ọmọ Morákinyọ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Japan. Wúrà wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbẹ̀, ó wo ilé náà lókè nílẹ̀, ó bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ojú rẹ̀ yọ lórí fóònù láàárín ìpàdé.

"Wúrà, ọmọ mi, ṣé ilé náà dúró?" Akíndúró béèrè.

"Ó dúró, Dádì. Ṣùgbọ́n..."

"Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dúró."

"Dádì, àbẹ́ẹ̀gì, ẹ gbọ́ mi tán. Wọ́n kọ́ ọ kí wọ́n tó yí òfin ilé kíkọ́ padà nítorí ilẹ̀ ríri. Ilé tó bá pẹ́ tó báyìí, ohun téèyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè ni bóyá wọ́n ti fi irin kún agbára rẹ̀. Mo béèrè. Wọn ò tíì ṣe é."

"Ta ló ń mi ilẹ̀?"

"Ọlọ́run, sà."

"Ṣé Ọlọ́run ò mọ ilé ìránṣẹ́ rẹ̀ ni?"

Àwọn kan ní, "Àmín." Wúrà pa ojú dé fún ìgbà díẹ̀, ó tún là á.

"Èkejì, onílé kọ̀ọ̀kan ló ń san owó ìtọ́jú lóṣooṣù, pẹ̀lú owó àtúnṣe ọjọ́ iwájú. Bíi sáfíìsì ṣáàjì tiyín níbẹ̀ yẹn. Ó pọ̀ nínú wọn tó ti kú, àwọn ọmọ wọn ò sì san án. Àpò àtúnṣe ti ń gbẹ, àwọn páìpù omi sì dàgbà jù mí lọ. Ẹ rí ayálégbé o, ẹ ò rí o, ẹ ó máa san owó yẹn títí láé. Ìdí nìyẹn tí ilé náà fi pọ́ọ́kú. Wọn ò tà á, Dádì, wọ́n ń sá fún un ni. Àwọn èèyàn ibí máa ń sọ pé téèyàn bá ń ra ilé àlòkù, kó má ra ògiri, àwọn tó ń tọ́jú ògiri ni kó rà."

"Ta ni yóò yá a?" Karimot béèrè láti ẹ̀yìn.

"Ìyẹn gan-an ni, Ma. Ìlú náà ti ń ṣófo. Nígbà tí mo wọ ọjà wọn, èmi ni mo kéré jù lọ́jọ́ orí."

Akíndúró fa fóònù mọ́ra. "Wúrà. Ṣé èèyàn lè rí òkè Fuji láti ibẹ̀?"

Wúrà mí kanlẹ̀. "Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, tí ẹ gun etí ibi ìwẹ̀, tí ẹ yọ orí síta fèrèsé, ẹ lè rí èjìká rẹ̀ kan."

Akíndúró kọjú sí ẹgbẹ́. "Ẹ ti gbọ́. Òkè Fuji wà nínú ilé."

Bí wọ́n ṣe yẹ ilé Japan wò nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ra iṣu kan ṣoṣo lọ́jà Barking, á tẹ̀ ẹ́ lórí, á tẹ̀ ẹ́ nídìí, á ní kí oníṣu fi ọ̀bẹ kàn án kí òun rí inú rẹ̀. Iṣu rí ìdájọ́ òdodo ju ilé lọ. Wọn ò dìbò. Alága kàn ní kí ẹni tó bá kọ̀ dìde dúró kó sọ ohun tí bàbá tirẹ̀ ní ní Japan. Karimot àti Alhaja Nùsírátù nìkan ló dìde.

Àjọ Karimot lọ sí Japan. Orúkọ Alága ni wọ́n fi ra ilé náà, nítorí ó ní orúkọ ẹgbẹ́ gùn jù fún ẹnu àwọn ará ibẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni onílé lọ wo ilé rẹ̀. Ó wọ agbádá, ó mú ọ̀pá dání, ó sì fi ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù nínú àjọ náà san owó ọkọ̀ òfuurufú, nítorí kò bójú mu kí Alága wọ ọkọ̀ lówó ara rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Mori, bàbá arúgbó tó jẹ́ alága àwọn onílé inú ilé náà, wá pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì, ó sì tẹrí ba. Akíndúró bojú wẹ̀yìn bóyá ọba kan ń bọ̀. Nígbà tí kò rí ọba, ó gbà pé òun ni. Ó pe Morákinyọ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Akọ̀wé, wọ́n ti ń dọ̀bálẹ̀ fún mi. Kò dé ilẹ̀ tán, ṣùgbọ́n egungun wọn ti gbó."

Wúrà, tó bá a débẹ̀, sọ fún un pé Ọ̀gbẹ́ni Mori ti tẹrí ba bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń pín lẹ́tà láàárọ̀ yẹn. Akíndúró ní ẹni tó ń pín lẹ́tà náà á lóyè nílé bàbá rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Èkó mọ ohun tí kì í jẹ́ kí onílé tó wà lókèèrè sinmi. Ẹni tó kọ́ ilé tí kò gbé inú rẹ̀ lè dé lọ́jọ́ kan kó bá ẹni mẹ́ta tó ti rà á lọ́wọ́ oníjìbìtì, tí kálukú ń fi ìwé han ẹnì kejì. Akíndúró kò ní gbà. Nígbà tí Wúrà wà ní kíláàsì, ó ra ọ̀dà pupa, ó gun àpótí, ó sì kọ ọ́ sára ògiri iwájú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì tí gbogbo ènìyàn ń gbà wọlé, ní lẹ́tà tó tó ọmọdé ní gíga:

ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ẹ ṢỌ́RA FÚN ONÍJÌBÌTÌ. ÀṢẸ ALÁGA.

Yorùbá ló fi kọ ọ́, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí lè kà á dáadáa.

"Dádì," ni Wúrà wí nígbà tó dé, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀, "ta ló ní kí ẹ kọ nǹkan sára ògiri?"

"Ilé mi kọ́ ni?"

"Fúláàtì kan lẹ ní. Ògiri ìta, gbogbo wọn ló jọ ni ín."

"Ògiri àjọni? Ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí?" ni ọkùnrin tó jẹ́ alága àjọ. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó padà sí Barking.

Kò pẹ́, iṣẹ́ dé: àwọn onílé Japan fẹ́ rí i nínú ìpàdé wọn, lórí fóònù. Akíndúró kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ìdí. "Oyè ni," ó wí fún gbogbo ẹni tó bá pàdé láti Longbridge títí dé Dagenham Dock. "Baálẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi mí jẹ." Ó mú un bọ́ sí ọjọ́ tí òun náà yóò kó àjọ tirẹ̀, kí ayọ̀ lè di méjì. Ó jẹ́ àárọ̀ Sátidé ní Barking, ilẹ̀ sì ti ń ṣú ní Japan. Morákinyọ̀ ta aṣọ funfun sára ògiri gbọ̀ngàn, àwòrán sì hàn lára rẹ̀: àwọn àgbàlagbà tó jókòó létòlétò, Wúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Gbogbo wọn tẹrí ba.

"Ẹ rí wọn?" Akíndúró wí láti orí àga. Náílọ́ọ̀nù dún, ó dákẹ́. "Ẹ̀yin ènìyàn Japan! Èmi Akíndúró, ẹni tí odò Thames ń gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kọjá láìbi í léèrè ọ̀nà, mo ti gba oyè tí ẹ fẹ́ fi dá mi lọ́lá. Mo gbà á kí ẹ tó fún mi, kí ó má baà rẹ̀ yín!"

Wúrà sọ ọ̀rọ̀ méjì péré fún wọn.

"Kí lo sọ?"

"Mo ní ẹ kí wọn, sà."

Ọ̀gbẹ́ni Mori sọ̀rọ̀ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, ó pẹ́ díẹ̀. Wúrà túmọ̀ rẹ̀. "Wọ́n kí yín. Wọ́n ní inú àwọn kò dùn láti yọ yín lẹ́nu."

"Inú wọn dùn!" Morákinyọ̀ kéde fún gbọ̀ngàn.

"Bàbá mi, mo ní kò dùn. Olóyè, ọ̀rọ̀ ọ̀dà pupa yín ni. Ìyá Sato tó wà ní fúláàtì kejì sí tiyín ti dàgbà, opó ni, ó fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti ń wá ẹni tí yóò ra fúláàtì rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí ọ̀kan. Ọkùnrin náà dé ẹnu géètì, ó gbé fóònù rẹ̀ sí ògiri kó lè túmọ̀ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Fóònù ní ilé yìí kì í ṣe títà, kí ó ṣọ́ra fún oníjìbìtì. Ó yí padà, ó lọ."

Obìnrin kúkurú kan wà létí àwòrán náà, ó gbé báàgì rẹ̀ lé orúnkún, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Karimot ń wò ó. Òun náà mọ bí wọ́n ti ń jókòó bẹ́ẹ̀, ìjókòó ẹni tó ti di ẹrù tán tí ìlẹ̀kùn kò tíì ṣí.

"Wọ́n ní kí ẹni tó kọ ọ́ wá pa á rẹ́," Wúrà parí ọ̀rọ̀. "Ó tún ku ọ̀kan. Ipò ìgbìmọ̀ máa ń yí láti fúláàtì dé fúláàtì lọ́dọ̀ wọn. Lọ́dún yìí, fúláàtì yín ló kàn."

Akíndúró fò sókè. "Mo sọ ọ́! Alága ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe!"

"Rárá o, sà. Ọ̀gbẹ́ni Mori ṣì ni alága. Tiyín ni ibi ìdalẹ̀nù. Ẹ ó máa rí i pé ìgò, páálí àti egungun ẹja kò dàpọ̀. Bí ẹ kò bá lè wá, ẹ ó sanwó fún ẹni tí yóò ṣe é."

Akíndúró wó padà sórí àga, náílọ́ọ̀nù sì bẹ̀rẹ̀. Ó ń dún, kò dákẹ́, nítorí ọkùnrin náà ń lọ́ra rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Inú ariwo yẹn ni Karimot ti la ẹnu. Kò sí ẹni tó dán an wò rí.

"Wúrà, ọmọ mi, bá mi bi wọ́n. Ìyá àgbà yẹn, ìbò mélòó ló ní nínú ìpàdé wọn?"

"Ọ̀kan, Ma."

"Alága wọn ńkọ́?"

"Fúláàtì kan lòun náà ní. Ọ̀kan ni."

"Bí iṣẹ́ tàbí ànfààní kan bá kan ẹnì kan, ṣé alága lè ní kí ó lọ sẹ́yìn ìlà?"

Wúrà bi wọ́n. Wọ́n wo ara wọn. Ìyá Sato sọ nǹkan kan, gbogbo wọn sì mi orí.

"Wọ́n ní ìbéèrè náà kò yé àwọn, Ma. Wọ́n ní ẹni tó kàn ló kàn."

"Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn," Karimot wí. Ó kọjú sí àwọn ènìyàn tirẹ̀. "Ẹ ti gbọ́. Èmi kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀."

Alhaja Nùsírátù ló ní i. "Olóyè, orúkọ ta ló wà lórí ilé Japan?"

"Tèmi. Ṣùgbọ́n nítorí ẹgbẹ́..."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ ti kó àjọ tiyín nìyẹn, Japan ni. Àjọ tòní, Ìyá Jannah ló ni ín. Ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kó nawọ́. Kò pọn dandan kó sọ ohun tí bàbá rẹ̀ ní níbì kankan."

Ọwọ́ gòkè láti iwájú dé ẹ̀yìn. Morákinyọ̀ kọ́kọ́ wo gbọ̀ngàn yíká kó lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Nígbà tó mọ̀ ọ́n, ó na ọwọ́ méjèèjì.

Akíndúró padà lọ sí Japan, lówó ara rẹ̀. Ó fi kànìnkànìn àti omi fọ ògiri. Ìyá Sato gbé tíì tútù jáde fún un, ó tẹrí ba. Kò sì pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù lọ́jọ́ náà. Oníbàárà opó náà padà wá, fóònù rẹ̀ kò rí nǹkan kan túmọ̀ mọ́, ó sì rà á. Olóyè náà gbìyànjú láti ta tirẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wá wò ó ló ń béèrè ilẹ̀ ríri, páìpù, àti àpò àtúnṣe, ìyẹn gbogbo ohun tí Wúrà sọ tí kò jẹ́ kí ó parí. Ọ̀dà ti kúrò lára ògiri, ṣùgbọ́n ohun tó kọ síbẹ̀ wá di òótọ́.

Kí ìgbà ooru tó parí, Karimot kó wọ Gascoigne. Kò ní àga, ẹgbẹ́ sì ní ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́, nítorí Alhaja tó di Alága tuntun ní àga oníke tó òun. Wọ́n gbé e lọ fún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá bá a yọ̀, ilé kún fún ìrẹsì àti ariwo. Akíndúró dé, ó gbé páálí omi ọsàn dání. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un, ó sì yí imú bàtà náà sí ìta létòlétò, bí wọ́n ti ń ṣe ní Japan. Ó jókòó sórí ẹní.

"Ìyá Onílé!" Morákinyọ̀ bẹ̀rẹ̀. "Ògo Gascoigne! Obìnrin tó rẹ́rìn-ín tí lífíìtì gòkè!"

"Bàbá Wúrà, ẹ jẹ ìrẹsì yín," Karimot wí. "Lífíìtì wa ò ṣiṣẹ́ lónìí."

Jannah àti Abdullah ti gun àga. Wọ́n di etí náílọ́ọ̀nù mú, wọ́n wo ojú ìyá wọn, ó mi orí, wọ́n sì fà á ya láti òkè dé ilẹ̀. Jannah gbá a jọ mọ́ àyà.

"Mọ́mì, inú garawa ìdọ̀tí èwo ni mo máa jù ú sí?"

Karimot wo orí ẹní. "Bi Olóyè. Iṣẹ́ wọn ni."

Akíndúró gbé orí sókè. Ó fọwọ́ kan náílọ́ọ̀nù náà, ó yí i wò. "Kì í bá páálí lọ," ó ní. "Ẹ gbé e wá, mo mọ ibi tó ń lọ." Ó dìde, ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibi ìdalẹ̀nù. Náílọ́ọ̀nù ń dún lọ́wọ́ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, láti àjà dé àjà, títí tó fi dé ìsàlẹ̀. Nínú ilé, ọ̀rọ̀ ń lọ, ẹ̀rín ń lọ. Wọn ò dákẹ́ fún un.